Ẹyẹ Ni Mo Lọ Yà, Ẹrù Ni Wọ́n Ń Dì

Ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ ẹ̀rín títí di òní.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá, kò sí ìgbà ìdìbò kan tí ẹ̀rọ mi sinmi. Pósítà, pósítà, pósítà! Ojú olóṣèlú ni mò ń wò láàárọ̀, òun náà ni mò ń wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí á ní kí n bá òun dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù, tọ̀hún á ní kí n bá òun dá irun padà sórí. Ọkùnrin kan wà tí mo bá dá irun padà débi pé ìyá tó bí i lọ́mọ wo pósítà náà, ó ní ta nìyí?

Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo ní mo fẹ́ ya fọ́tò ohun tí kò ní sọ pé kí n tún ojú òun ṣe. Kí ló kù? Ẹyẹ!

Bí mo ṣe ra kámẹ́rà nìyẹn. Tòkunbọ̀ ni o, àmọ́ kì í ṣe kékeré. Lẹ́ǹsì tiẹ̀ ò ṣeé tú kúrò bíi ti àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ńlá, ara rẹ̀ ló ti hù jáde. Ṣùgbọ́n fa súùmù rẹ̀ kó o wò ó! Á máa gùn, á máa gùn, bí ọrùn ìjàpá tó gbọ́ òórùn oúnjẹ. Láti orí bákónì mi ní Ladi-Lak, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára táǹkì omi tó wà ní òpópónà kẹta. Mo ya ológbò lórí páànù. Mo ya alángbá. Mo ya òṣùpá títí gbogbo kòtò ara rẹ̀ fi hàn. Ìyàwó mi ní òun tóun jókòó sí pálọ̀ yìí ńkọ́, ṣé òun náà ò lè rí fọ́tò kan gbà ni? Mo ní kó lọ dúró ní òpin àdúgbò kí n lè ráyè fa súùmù dáadáa. Kò lọ.

Mo wá wọ ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò-ẹyẹ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìmọ̀ràn ò sì wọ́n wọn. Wọ́n ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ wọ funfun, kò gbọ́dọ̀ wọ pupa. Kákí ni kó wọ̀, torí kákí kì í dẹ́rù ba ohun ẹlẹ́mìí. Kó máa rìn jẹ́jẹ́, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó sì máa kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí sínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà láìjiyàn. Mo ní kí télọ̀ mi rán kákí tòkè-tilẹ̀ fún mi, ẹ̀wù olápò mẹ́rin, fìlà rẹ̀ náà kákí. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ yọ, ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní mo jọ wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wọlé yẹ ìdọ̀tí wò nígbà tá a wà lọ́mọdé. Mo dá a lóhùn pé kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ.

Àárọ̀ Sátidé ni mo forí lé Ìlàjẹ, létí ọ̀sà, níbi tí àwọn ilé pákó ti dúró sórí òpó nínú omi. Àwọn ìyá ti ń yan ẹja. Èmi tí ìyá mi fi ìfọ́tí kọ́ ní ìkíni ní Ìjẹ̀bú, mo kọjá lára wọn, mi ò kí ẹnì kan! Ìyá àgbàlagbà kan tiẹ̀ kọ́kọ́ kí mi, ó ní ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Ńṣe ni mo fi ìka lé ètè pé kó rọra, ẹyẹ wà nítòsí.

Ẹyẹ sì wà lóòótọ́! Lékeléke bà sórí òrùlé lọ́tùn-ún lósì. Níwájú mi gan-an, ẹyẹ apẹja kan, dúdú òun funfun, dúró sórí òpó ẹ̀yìn ilé kan, ó ń wo omi bí ẹni tó ń dúró de gbèsè. Mo na ẹsẹ̀ mẹ́ta onírin, mo gbé kámẹ́rà lé e. Mo yọ ìwé. Kí n má bàa gbàgbé ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà, mo ya àwọn ilé náà sínú ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Ilé tí ẹyẹ bá bà lé, mo fi bírò pupa fa àmì X sí i lórí. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ? Èmi ò rí i o. Ẹyẹ ni mò ń wò.

Ohun tí mò ń dúró dè ni kí ẹyẹ apẹja náà já lu omi, kó gbé ẹja bọ̀. Mo dijú kan, mo fi ìkejì lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà, mi ò mí. Ṣàdédé ni nǹkan pupa kan gba ẹ̀yìn ẹyẹ mi kọjá. Obìnrin kan ló gbé fóòmù jáde nínú ilé! Inú bí mi, torí ó ń ba fọ́tò mi jẹ́. Ó padà wọlé, ó kó ìkòkò jáde. Ọkùnrin kan gun òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù. Ilé kejì náà bẹ̀rẹ̀. Ilé kẹta. Mo ní háà, àwọn ará ibí yìí mà lè ṣiṣẹ́ o! Mo rò pé ìmọ́tótó ìparí oṣù ni. Mo tiẹ̀ yà wọ́n bíi mélòó kan, kí n lè fi han ìyàwó mi bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tún ilé ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan da omi sí iná ẹja. Èéfín gba gbogbo ojú ọ̀run, ẹyẹ mi fò lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. Àdúgbò ti dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn mi lókèèrè. Nínú ọkọ̀ ojú omi kan, lórí ẹrù, ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà. Ìyá tí mo ní kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sì ń bọ̀ lórí afárá pákó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ ṣíjú àánú wò wá. Ọjọ́ kan péré la fẹ́. Ọ̀la la máa sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ nínú ilé kẹ́ ẹ tó wó o."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí ọ̀gá tó ń bá wí. Kò sẹ́nì kan. Èmi ni! Èmi tí mò ń bá olóṣèlú lẹ irun!

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, tèmi ti kákí mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde, ẹyẹ ni mo wá yà. Ọkùnrin tó ń tú páànù ti sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀, òun ni bàbá ọmọ tuntun náà.

"Ẹyẹ báwo? Oga, abeg," ni Kẹ́hìndé wí. "Since morning, na bird you dey write? Mú ìwé yẹn wá."

Mo nà án sí i. Ó ṣí i. Ilé wọn nìyẹn lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú àmì X pupa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri kí kátápílà tó dé. Mo ní kí wọ́n wá wo inú kámẹ́rà. Ẹyẹ, ẹyẹ, òṣùpá, ológbò, ẹyẹ. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó kan ilé wọn. Ó kan obìnrin tó gbé fóòmù jáde. Ó kan Kẹ́hìndé lórí òrùlé. Ọ̀rọ̀ wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá náà, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, sọ fún mi pé ọkùnrin kan wá sí ìhà kejì omi nígbà kan, òun náà gbé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dání. Onítọ̀hún kí gbogbo èèyàn, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ra ẹja. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n wó ibẹ̀. "Ìyẹn kí wa o," ló wí. "Ẹ̀yin ò tiẹ̀ kí wa. A ní tiwa ti parí."

Kò sí ọgbọ́n mìíràn lórí mi. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, mo ṣí i síta kí gbogbo wọn gbọ́. Mo ní ìyá Tóyìn, jọ̀ọ́, sọ ohun tí mo wá ṣe ní Ìlàjẹ fún àwọn èèyàn yìí, wọ́n rò pé mo wá wó ilé wọn.

Ẹ̀rín bú jáde!

"Bàbá Tóyìn! Ṣé mi ò sọ fún yín pé ẹ jọ wolé-wolé? Ẹyẹ, ẹyẹ, ẹyẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti ra kámẹ́rà játijàti yẹn, wọn ò ya èmi rí! Ẹ̀yin ará ibẹ̀, ẹ má bínú o. Ẹ gba kákí yẹn lọ́rùn wọn, kí ẹ fi nu ìkòkò."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti tán, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ á bú bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé da ìwé mi padà fún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àfi ìgbà tí mo wo ibi iná. Ẹja tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́la ni wọ́n da omi sí. Ìdajì ti di ẹrẹ̀, ìdajì ti bọ́ sódò. Bọ́sẹ̀, ìyá ọmọ tuntun náà, ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ó ń sunkún láìpariwo, ọmọ náà ń sùn. Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé kámẹ́rà ńlá yẹn sí.

Mo bá wọn kan páànù padà títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ra ẹja, ó dì í kún kúlà, ó ní kí n gbé e. Òun náà bá mi lọ. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò. Yàrá náà kéré, èèyàn kún un fọ́fọ́, èmi sì ń fẹ̀yìn rìn kí n lè fa súùmù bí mo ṣe máa ń fà á. Díẹ̀ ló kù kí n ré sínú ọ̀sà. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ibo ni mò ń lọ, kí n súnmọ́ wọn. Mo bá ti súùmù náà wọlé pátápátá. Gbogbo yàrá ló wọnú fọ́tò! Ìyá, ọmọ, bàbá, ìyá ìyá, títí kan ìyàwó mi tó gbé àwo dání. Láti ọjọ́ tí mo ti ra nǹkan yẹn, mi ò lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó mi gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ títí, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ẹyẹ apẹja náà ńkọ́? Mo rí i yà kó tó fò lọ o! Ó mọ́lẹ̀ kedere, o lè ka ìyẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olóṣèlú kan tí mò ń tẹ pósítà fún rí i, ó ní òun fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà. Ó kàn ní kí n bá òun yọ nǹkan pupa tó wà lẹ́yìn ẹyẹ náà kúrò. Mo ní fóòmù ni, kò ṣeé yọ. Ó ní ṣé kọ̀ǹpútà mi ò lè yọ ọ́ ni? Mo ní kọ̀ǹpútà lè yọ ọ́, èmi ni mi ò ní yọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ní láti sọ ò pọ̀: bó o bá dé àdúgbò ẹlòmíràn, kí àwọn ará ibẹ̀. Ẹyẹ tó bá fò á padà wá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti kó ìpayà bá ẹni ẹlẹ́ni rí, tó rò pé ohun tó dáa lòun ń ṣe? Ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan gba ìtìjú yìí, ẹ kọ tiyín síbí! Ẹni tó bá sì fẹ́ kákí, tèmi wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì máa ń pè mí. Lánàá, ó béèrè ohun tí àwọn tí mò ń tẹ pósítà fún kọ nípa etí omi tiwọn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, gbogbo wọn ló ṣèlérí pé àwọn á tún ibẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n ti máa di ẹrù?"