Ìbejì Méjì, Nọ́ńbà Kan

Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí tábìlì adójútòfò ìlera ìjọba nílé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgándò. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ orúkọ: òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin tó kọ́kọ́ dáyé. Òfin náà nìyẹn. Ọmọ karùn-ún, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.

Bàbá Ìbejì, ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ti bí mẹ́ta kí ìbejì tó dé. Ààyè kan ló kù. Mo bi ìyá wọn pé, "Èwo ni ẹ̀gbọ́n?"

"Háà, Kẹ́hìndé ni jàre! Táyé kàn wá tọ́ ayé wò ni."

Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa bá a jiyàn? Ọmọ Ìsẹ́yìn lèmi náà. Mo kọ Kẹ́hìndé sí nọ́ńbà kẹrin.

Kò pé ọdún kan, ìyá wọn sáré gbé Táyé wọlé láàárọ̀. Ìpá rẹ̀ ti há. Dókítà ní tí ọ̀sán bá pọ́n kí àwọn tó là á, ìfun á bàjẹ́. Iṣẹ́ abẹ sì nìyí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ń darí ètò náà fi ń gbà fún wa pé ká ṣiṣẹ́. Láìsí i, ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mo pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù.

"Kẹ́hìndé ló wà níbí," obìnrin kan wí.

"Ìbejì ni wọ́n, mà."

"Ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n?"

"Rárá, mà."

"Ó tán nìyẹn."

Mátírọ́ọ̀nù wa gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, níbo nilé yín?"

"Ògbómọ̀ṣọ́, mà."

"Tí ẹ bá ń se ẹ̀wà ìbejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé Kẹ́hìndé nìkan lẹ ń sè é fún?"

"Ẹ mú lẹ́tà wá, mà."

Mátírọ́ọ̀nù kọ lẹ́tà, ọ̀kadà sì gbé mi dé ọ́fíìsì wọn ní Ìkejà. Ọ̀gá wọn ka lẹ́tà, ó wo ìwé ìbí tí mo mú dání. "Táyé ló kọ́kọ́ jáde. Ta ló wá kọ Kẹ́hìndé ṣáájú?"

Ohùn ìyá wọn ń dún létí mi; ohùn ìyá tó bí mi náà ń dún.

"Àṣìṣe mi ni, sà."

Ó fagi lé orúkọ Kẹ́hìndé, ó kọ Táyé. Mo fi báírò kọ kóòdù sí àtẹ́lẹwọ́, mo kà á fún Mátírọ́ọ̀nù lórí fóònù. Mi ò tíì dé Ìdímù lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti là á tán.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún ìyá wọn pé a ti yọ Kẹ́hìndé. Èmi náà ni. Mo rò pé á bú mi. Ó wo Táyé tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí niṣẹ́ ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí kò ṣe kó sún fún àbúrò?"

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni èmi àti Mátírọ́ọ̀nù ń kọ lẹ́tà pé kí ìjọba ka ìbejì sí ọmọ kan nínú òfin. Ọdọọdún ni wọ́n ń dá wa lóhùn pé àwọn ti rí i. Mo ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin tó gba tábìlì mi ló ń kọ ọ́ báyìí. Kẹ́hìndé, ní tirẹ̀, kò ṣàìsàn rí. Ó ṣì ń ní sùúrù fún wọn. Àgbà ni.