Baṣé Tí Wọ́n Kùn Lórí Òrí

Ọkùnrin tó kun baṣé tonton mi kò fi ọṣẹ kan ohun tó fẹ́ kùn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, torí òun ló ń pe ara rẹ̀ ní dókítà rọ́bà.

Àbúrò bàbá mi ni tonton yìí. Baṣé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ti kó iṣu, àgbàdo àti kajú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Bétérou dé Tchaourou, àpò kan kò sì jábọ́ rí. Oòrùn ló jẹ rọ́bà ara rẹ̀. Bọ́ńpà, ìbòrí táyà, ìdí dígí ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kajú kan ní Alafiarou máa ń yan baṣé kan ṣoṣo tí yóò kó ẹrù wọn títí àkókò kajú yóò fi parí. Tí wọn kò bá mú ti tonton, abẹ́ igi máńgòrò ni yóò wà, òun náà yóò sì jókòó tì í. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń yàn. Wọ́n a yí ọkọ̀ po, wọ́n a wo bọ́ńpà, wọ́n a wo ojú ara wọn nínú dígí. Kò sẹ́ni tí í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń fi ìka tẹ iṣu kí wọ́n tó rà á, ojú lásán ni wọ́n fi ń yan ọkọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, òrí ni àwọn awakọ̀ fi ń pa rọ́bà. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí tonton tó lọ kírun, á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa bọ́ńpà bí ìyá tó ń pa ọmọ tuntun lára. Á dúdú, á máa dán. Kó tó di ọjọ́ kejì, eruku á ti bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí ó fẹ́ dúdú tí yóò pẹ́, la bá gbé baṣé lọ sí Tchatchou.

Dókítà rọ́bà jókòó sórí táyà létí òpópó. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni àwọn bọ́ǹbù wà, agolo ọ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kó lè fín.

“Patron, ibi tó yẹ lẹ wá. Dúdú wo lẹ fẹ́? Dúdú mínísítà ńkọ́?”

“Èyí tí kò ní ṣí,” ni tonton wí.

“Ṣí kẹ̀? Ọmọ ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀!”

Mo bi í bóyá kò ní kọ́kọ́ fọ rọ́bà náà. Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí.

“Patron, ta nìyí?”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Akọ̀ròyìn ni.”

“Ah bon. Kó lọ kọ ìròyìn.”

Ó fi àkísà gbá eruku, ó parí. Kò fi dílúàn, omi tí ń tú ọ̀rá, nù ún, kò fi sáńpépà ha á, kò kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ kankan. Ó gbọn bọ́ǹbù lẹ́ẹ̀mẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín in. Ọyẹ́ ń fẹ́, ọ̀dà díẹ̀ sì bà sára adìẹ kan tó ń kọjá. Adìẹ yẹn kò para rí, ọ̀dà tirẹ̀ kò ṣí.

Èmi tí ìbéèrè ń bọ́, ẹyọ kan ni mo bi, mo sì dákẹ́. N kò sọ pé òrí ọ̀pọ̀ ọdún wà lábẹ́. Tonton kò sọ. Dókítà náà kò bi wá.

Kí n má purọ́, ó dán. Tonton yí i po títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní Alafiarou, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ rí ibì kan létí bọ́ńpà tí ọ̀dà ti wú bí ìléròrò. Ó fi èékánná họ ọ́. Ó fà á. Ọ̀dà ṣí bí èèpo ẹ̀pà yíyan, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyá gbóòórùn ìka rẹ̀.

“Òrí nìyí. Ẹ wá gbóòórùn.”

Wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbóòórùn bọ́ńpà.

“Ó ku ká din àkàrà sí i!” ni ọ̀kan wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi,” ó wí fún tonton, “ẹni tó kun ohun tí kò fọ̀, yóò gbé ẹrù tí kò so.”

Baṣé pupa kan ni wọ́n mú. Èéfín ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bọ́ńpà rẹ̀ ń dán.

Nígbà tí a padà dé Tchatchou, dókítà rọ́bà ti ní àlàyé.

“Oòrùn Alafiarou ni. Tibẹ̀ le, hein!”

Oòrùn kan náà ń pa á lórí bó ṣe ń sọ ọ́.

“Ẹ gbé e wá lọ́la, màá kùn ún ní ìlọ́po méjì.”

Tonton ní ká máa lọ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó ń bó ìyókù ọ̀dà náà. Mo gbé abọ́ òrí jáde fún un.

“Gbé e padà sílé ìdáná.”

“Rọ́bà yóò funfun, tonton.”

“Kó funfun. Irun mi funfun, ṣé kò jẹ́ kí n wakọ̀ ni? Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n tó yí i po, màá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dè wọ́n.”

Ó fún kànrìnkàn, ó bọ́ sídìí dígí.