Purojẹ́kítọ̀ Tó Wúwo

Òórùn òwú tuntun àti ti epo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọ́fíìsì tí mo ti ṣe akọ̀wé ní Ìsẹ́yìn, kí n tó di oníròyìn. Iṣẹ́ aṣọ òfì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ wà lẹ́yìnkùlé, àwa tó ń tajà wà níwájú, nínú yàrá kan tí fèrèsé yí ká. Ọ̀gá wa, Alhaji kan tó ti ń hun aṣọ láti kékeré, kì í fi ojú ra nǹkan. Ọwọ́ ló fi ń rà á.

Ìròyìn kàn wá pé àwọn oníṣòwò kan ń bọ̀ láti Àbújá. Bí wọ́n bá fẹ́ràn aṣọ wa, àwọn ahunṣọ yóò ríṣẹ́ ṣe títí ọdún yóò fi yí po; bí wọn kò bá fẹ́ràn rẹ̀, òfì yóò dákẹ́ lẹ́yìnkùlé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí, tí mò ń so táì mọ́rùn nínú ooru Òkè-Ògùn, sọ fún ọ̀gá pé kò sí ọ́fíìsì gidi tó ṣì ń fi ọwọ́ na aṣọ han oníbàárà. Ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, purojẹ́kítọ̀, ni a nílò.

“Akọ̀wé, aṣọ wà nílẹ̀, o wá fẹ́ fi fọ́tò aṣọ hàn wọ́n?”

“Bí ayé ṣe rí báyìí nìyẹn, Alhaji.”

“Ó dáa. Tí wọn ò bá rà á, ìwọ àti fọ́tò ẹ lẹ jọ máa padà sóko kaṣú bàbá ẹ ní Òtù.”

A lọ sí ìsọ̀ kan ní Ìbàdàn. Mo ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé yàrá tí oòrùn ń wọ̀ bíi tiwa, ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ lágbára ló yẹ ẹ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kékeré báyìí, ẹni tó ń tà á sì ń yìn ín. Ọ̀gá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn aṣọ. Lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ, òfì tó bá fúyẹ́, ẹni tó hun ún ti fi òwú ṣahun.

“Eléyìí fúyẹ́. Wọ́n ti jí òwú inú ẹ̀ kó.”

“Alhaji, kò sí òwú nínú ẹ̀ o,” ẹni tó ń tajà ló dáhùn.

“Mo mọ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ náà ni mò ń sọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ògbólógbòó kan jáde lábẹ́ tábìlì, eruku bò ó, ó tóbi bí ọmọ ewúrẹ́. Ó gbé e, ó rẹ́rìn-ín. “Ojúlówó rèé.” Ẹni tó ń tajà kò bá a jiyàn mọ́, ó ti ń wá páálí. Èmi ńkọ́? Mo ti rí i pé rìmóòtù ògbólógbòó náà ní bọ́tìnnì púpọ̀. Mo ti ń wo ara mi níwájú àlejò, tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Alhaji, ojú yín mú.”

Ọ̀sán gangan làwọn àlejò dé. A tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ohun tó hàn lára aṣọ funfun tí a ta sára ògiri dà bí èéfín.

“Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?” Obìnrin tó ṣáájú wọn ló bèèrè.

“Ó ń ṣiṣẹ́ mà. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀.”

Ọ̀gá fi ẹnu sí mi létí: “Ọkọ̀ Òtù ò ní pẹ́ gbéra o.”

Ìyá Olówùú, tó ń bójú tó òwú wa, pariwo pé ká bo fèrèsé. A kò ní kọ́tìnnì. La bá kó aṣọ òfì kúrò lórí pẹpẹ, a ta àlàárì pupa síbí, a ta ẹtù aláwọ̀ aró sọ́hùn-ún, a wá ta oníhò síbi tí oòrùn ti ń wọlé jù. Yàrá gbóná bí ààrò. Àwòrán wá hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹtù di aláwọ̀ eérú, àlàárì sì dà bí ẹ̀pà tí wọ́n yan. Mò ń tẹ̀, mò ń ṣàlàyé lédè òyìnbó. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sẹ́ni tó kọjú sí mi. Lójú fèrèsé ni gbogbo wọn wà. Oòrùn ń gba inú ihò aṣọ wọlé, ó ń da àrà sára agbádá wọn, obìnrin náà sì ń fi ìka tẹ etí àlàárì.

“Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò fi èyí hàn wá?”

“Ó wà nínú àwòrán, mà. Ó kù díẹ̀ ká dé bẹ̀.”

Ìyá Olówùú sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Mo fẹ́ fi òwú dí ẹ lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.”

Fèrèsé kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n fi yan aṣọ. Nígbà tí ọ̀gá sìn wọ́n sọ́kọ̀ tán, ó padà wá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. “Mo sọ fún yín, àbí n ò sọ? Eléyìí wúwo.”

“Alhaji, fèrèsé ló tà á o,” Ìyá Olówùú ló fèsì.

“Kí ló mú wa bo fèrèsé? Ṣé kì í ṣe purojẹ́kítọ̀ ni?”

Ìyá Olówùú bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe padà sí Òtù.

Iṣẹ́ ìròyìn ti gbé mi dé ọ́fíìsì púpọ̀ láti ìgbà náà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kùn lórí tábìlì tí gbogbo ènìyàn sì ń wo ibòmíràn. Láìpẹ́ yìí, mo yà kí Alhaji. Ó ti darúgbó, ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí tábìlì. Ó ní gílóòbù inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n ṣì ń gbé e síta, wọ́n á sì bo fèrèsé. Ó ní kí n gbé e wò.

“Ó wúwo, àbí?”

“Ó wúwo, Alhaji.”

Mo gbé e kalẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lójú fèrèsé, mò ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹtù.