Omi Pupa Iwájú Ilé Wa

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé ní Mowe, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù, èmi ni akọ̀wé. Ẹ wá wò ó: bí mo bá bínú jáde ní ìpàdé, ilé rẹ̀ náà ni n ó bínú wọ̀.

Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì, tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀, gbẹ́ ẹ̀rọ omi síwájú ilé wa, ó ní kí gbogbo àdúgbò máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa: omi náà pupa, májèlé ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn náà ti dé Ibafo àti Magboro.

Omi wo ni kì í pupa ní Mowe? Tiwa nínú ilé gan-an, bíi tíì ló ń jáde. A ó da álọ́ọ̀mù sí i, a ó jẹ́ kó tòrò mọ́jú. Ẹ bi àwọn agbádá funfun ẹ̀gbọ́n mi tó ti pọ́n bí ẹ̀pà.

Ǹ bá dákẹ́, bí kì í bá ṣe ti ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Arúgbó ni, kò ní ẹ̀rọ, kò sì lágbára olómi tánkà. Látìgbà tó ti gbọ́ májèlé, ó ń ru kẹ́ẹ̀gì sọdá márosẹ̀, láàárín àwọn tírélà, lọ pọn omi ní òdìkejì. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì títí tí n ó fi rí gèlè rẹ̀ tó ń padà bọ̀.

Àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n pé irọ́ lẹ pa. Mo gun òkè lọ, mo ní ó dà bíi pé wọ́n ṣì í lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ omi yẹn. Kò gbójú kúrò nínú àwo. Ó ní kí n fara balẹ̀ kí wọ́n dìbò tán.

Èmi náà bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù: irú omi tí gbogbo wa ń mu ni, ẹni tó ròyìn fún alága ló ṣì wọ́n lọ́nà. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní ta lẹni náà? Ọ̀dàlẹ̀ ni, kí a lé e dànù. Olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní a ò ní sinmi títí a ó fi dárúkọ rẹ̀. Orúkọ ta ni n ó dá? Ẹ̀gbọ́n mi ló po májèlé náà lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

“Sọ fún wọn pé ìwọ ni. Àbúrò mi ni ẹ́, wọ́n á dárí jì ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kò sẹ́ni tó ṣì mí lọ́nà, májèlé sì ni.”

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá ẹlẹ́kọ ń ká òṣùká sórí. Mo tẹ fóònù: èmi ni mo parọ́ fún alága, ẹ máa mu omi yín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá náà bá mi lẹ́nu géètì, kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀rọ yẹn lórí rẹ̀.

“Ìwọ tí mò ń fi ẹ̀kọ lé lọ́wọ́! Ìwọ lo fẹ́ kí tírélà pa mí?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Láti òkè, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi bẹ̀bẹ̀:

“Ẹ má bínú, màmá. Ọmọdé ló ń ṣe é.”

Ọmọdé náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, kò rí ibi gbójú sí.