Irà tí A Ṣe Lẹ́yìn Ìgèdè

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ náà, láàárín Ìyìn àti Ìgèdè, mo rò pé awakọ̀ ṣìnà ni. Kò sí koríko, kò sí ẹyẹ. Kòtò ńláńlá mẹ́rin ni àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi bá tiwọn lọ, omi inú wọn pupa bí irin tó ti dípẹtà. Èmi ni alábòójútó àwọn tí yóò sọ ibẹ̀ di irà, ìyẹn ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, tí koríko inú rẹ̀ ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò kí omi tó ṣàn lọ.

Katapílà la fi wó etí àwọn kòtò náà kí wọ́n má baà dúró gangan bí ògiri mọ́. A da amọ̀ sí ìsàlẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi má baà rì wọlẹ̀. A gbin eèsún sétí, a kó òṣíbàtà sójú omi. Ọdún méjì ni kòtò mẹ́ta àkọ́kọ́ gbà. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí lékèélékèé mẹ́ta níbẹ̀, mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún. Àwọn òṣìṣẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Lékèélékèé.

Bàbá Àjàyí, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ wa, máa ń wá kí wa. Ìsun kan wà nínú oko náà tí gbogbo abúlé ń pọn mu. Nígbà tí ó ku kòtò kẹrin, tí a ti fa omi pupa inú rẹ̀ gbẹ, ó wá bá mi.

"Ọmọ mi, má tíì da omi sí eléyìí. Abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀nà oko mi."

"Bàbá, kò sí ihò kankan nínú àwòrán tí wọ́n fún wa."

"Àwọn tó ya àwòrán kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Èmi wà níbẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó yẹ kí n dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n wá yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ tó parí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá kòtò gbígbẹ. Mo ní kí wọ́n ṣí omi kòtò kẹta sínú ìkẹrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹrẹ̀ nìkan la bá nínú méjèèjì. Àwọn ẹja kéékèèké ń jà pìtìpìtì, wọ́n ń kú lọ. A sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko Bàbá Àjàyí. Omi ti hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì ti ru ìdọ̀tí inú ihò náà jáde. Ìsun ti pọ́n. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi dúró ti kéègì wọn.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mo sọ fún ọ," ni gbogbo èsì rẹ̀.

Mo kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Wọ́n kó katapílà lọ, wọ́n dá iṣẹ́ dúró. A kó ẹrẹ̀ inú ìsun náà, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì pọ́n. Báyìí ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi dé.

Mo lọ dágbére fún Bàbá Àjàyí. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń ti Ìgèdè bọ̀, ó ru àpò piọ́ wọ́tà kan. Mo sọ̀ ọ́ fún un. Ó yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Oòrùn mú," ó ní. "Mu omi."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo já a, mo gbé e sẹ́nu.