Fóònù Tó Jọba ní Nima

Ní ọdún tí iná ń lọ, tí iná ń bọ̀, tí gbogbo Accra ń pè é ní dumsor, Abọ́dúndé ló gba ilé wa ní Nima là. Fóònù ló ń tún ṣe ní ọjà Circle. Ó kó fóònù mẹ́jọ tí ojú wọn ti fọ́ wálé, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì so gbogbo yàrá pọ̀ mọ́ bátìrì tí sólà orí òrùlé ń rọ iná sí.

Fóònù kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ iná tí yàrá tirẹ̀ ń fà, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, wọ́n á gbìmọ̀, wọ́n á já iná yàrá tó ń fà jù. Wọn kò ní olórí. Bí ọ̀kan bá kú, méje yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ.

Àlájà Ràfíátù, onílé wa, ló bínú. Ẹja ló ń tà, fíríìsà rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì ń já lójoojúmọ́.

"Nínú ilé tí mo kọ́, fóònù ń pàṣẹ fún mi? Fi tèmi jọba lórí wọn, àbí kí o kó jáde kí oṣù yìí tó parí."

Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú Fàrídà, ìyàwó Abọ́dúndé. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó lọ? Abọ́dúndé fi fóònù yàrá Àlájà jọba: àwọn méje yòókù kò ní ṣe ohunkóhun láìgba àṣẹ rẹ̀.

"Mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Àlájà, ọba yìí kò gbọdọ̀ jáde nílé o." Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Èmi gbọ́, Àlájà kò gbọ́. Ǹ bá tún un sọ, ṣùgbọ́n ìkà ni mí.

Ní Sátidé, Àlájà yọ ọba lára ògiri, ó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ní Madina, kó lè fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ló ń pàṣẹ iná. Bó ṣe kúrò lágboolé, àwọn méje dúró de àṣẹ. Àṣẹ kò dé, wọn kò já yàrá kankan, bátìrì tán, gbogbo iná kú. Nígbà tó fi padà ní ìrọ̀lẹ́, omi ẹja ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ta ló paná?"

"Ẹ̀yin ni, Àlájà," Abọ́dúndé dáhùn. "Ẹ mú ọba lọ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù."

Gbogbo wa ń wolẹ̀, ẹ̀rín ń pa wá kú. Àlájà wo fóònù, ó wo omi ẹja, ó na fóònù sí Abọ́dúndé. "Rọ̀ ọ́ lóyè."

Abọ́dúndé kò gbà á. "Yàrá mi ńkọ́, Àlájà?"

"Yàrá wo? Ta ló ní kó o kó? Sọ fún Fàrídà kó gbé ìkòkò wá, ẹja yìí kò lè di ọ̀la."