Síníà Orí Tábìlì Ìkórè

Títí dòní, bí mo bá rí òdòdó tí wọ́n ń pè ní síníà nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, mo máa ń yí ojú kúrò. Àwọn ọmọ mi mọ̀, wọn kì í mú un wọlé mi. Obìnrin tó kọ́ mi ní gbígbìn rẹ̀ ti kú. Nígbà tí àwọn ẹbí ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú wọn, mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nǹkan bí ọdún 1988 ni. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ń ta igbá ní Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, apá wọn kò sì ká èmi àtàwọn àbúrò mi. Màmá ní kí n wá lo ọdún kan péré lọ́dọ̀ àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi ti bá mi rí àyè ní iléèwé gírámà kan l'Ọ̀yọ́. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa wọlé, kí n ṣáà padà sílé ló kù.

Màmá ni olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú tábìlì ṣọ́ọ̀ṣì. Òdòdó orí tábìlì yẹn ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí ẹni tí tirẹ̀ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè ni wọ́n ń pè síwájú. Obìnrin míṣọ́nnárì kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà ti fún Màmá ní èso síníà nínú àpò ìwé kékeré. Màmá na àpò náà sí mi.

“Bí èyí bá dé orí tábìlì lọ́jọ́ ìkórè, ọjọ́ kejì ni wàá wọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ.”

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ẹni tí àdúrà rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè purọ́.

Èso síníà rí pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́ bí ìyàngbò. Bí o bá rì í jìn jù, kò ní hù. Mo po ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga, mo gbìn ín, mo sì fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Àwọn ará ilé rò pé orí mi ti yí. Nínú àgbàlá tí à ń gbá mọ́ tónítóní láràárọ̀, èmi ń gbin koríko. Bàbá tó ń gbé yàrá iwájú bi mí bóyá ejò ni mo fẹ́ máa sìn.

Nígbà tó ga díẹ̀, mo já orí rẹ̀ kó lè ya ẹ̀ka. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mò ń bomi sí, torí ewé tí omi bá ń kàn máa ń funfun bí ìgbà tí wọ́n bu láfún lé e. Ó yọ òdòdó: òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn pọ́n bí ìyeyè. Ní ìdájí ọjọ́ ìkórè, mo di ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mú, mo mì ín. Èyí tí ọrùn rẹ̀ rọ̀, mo fi sílẹ̀. Èyí tó dúró gbagidi ni mo gé. Tábìlì kún. Wọ́n pe Màmá síwájú, wọ́n sì jó. Èmi ti di aṣọ mi sínú àpò láti àná.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpò náà jáde, mo kúnlẹ̀. Màmá ń mu ẹ̀kọ.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ọ̀yọ́ ni mà. Ẹ ní bó bá ti dé orí tábìlì…”

“Ìyàwó pásítọ̀ fẹ́ òdòdó náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ta ni yóò máa bomi sí i? Tó bá tán, kó o máa lọ.”

Síníà kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Bí a bá ṣe ń gé e ló ń yọ. Ní gbogbo Sátidé, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gé e, ọwọ́ ara mi náà ni mo fi ń so ara mi mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ Màmá kì í fa omi rárá. Ọmọ ọlọ́mọ là á rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìyá mi wá mú mi. Ọjọ́ Ìsinmi ni, Màmá sì mú wọn gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Mùsùlùmí ni ìyá mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòrí wọn, wọ́n ń wo tábìlì náà.

“Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ nìyẹn, ìyàwó,” ni Màmá wí. “Kò fẹ́ fi òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ rẹ, ẹkún ló ń sun. Èmi náà á fi í síléèwé níbí.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n wá yíjú sí mi. “Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ràn ibí?”

Màmá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, èékánná wọn sì wọ̀ mí lára. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, n kò tíì rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọrọ òdòdó kan lọ́wọ́ mi, pupa ni wọ́n mú, wọ́n gbé e dání wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Màmá jáde, mo gbé omi kaná. Nígbà tó hó, mo dà á sí ìdí síníà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé èyí tó kẹ́yìn. Ó dùn mọ́ mi. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti sùn lélẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń retí ẹgba.

Màmá dé, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọn kò lù mí. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé agolo mílíìkì kan jáde, wọ́n sì mì ín létí mi, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Gbogbo òdòdó tí mo ti ń fi sílẹ̀ lórí igi torí ó ti gbó jù fún tábìlì, wọ́n ti ń ká a lẹ́yìn mi, wọ́n ti gbọn èso rẹ̀ sínú agolo.

“Omi wà nínú kànga,” ni wọ́n wí. “Lọ tún ilẹ̀ náà kọ.”

Lọ́sẹ̀ tí iléèwé wọlé l'Ọ̀yọ́, síníà tuntun ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, èmi ni mo sì ń bomi sí i.